Ìlà Yẹ́lò Lára Gíà Ìyá Máàgrẹ́ẹ̀tì

Gbogbo ará Ìkòròdú tó mọ̀ mí ló mọ̀ pé òpùrọ́ ni mí, n kò sì bá wọn jà sí i. Èmi náà ni mo sọ fún wọn pé mo tú gíà tipà kan sílẹ̀ nígbà tí tipà ọ̀hún ń sáré lọ lójú ọ̀nà Ìtòkín, tí mo sì dì í padà kó tó dé Àgbọwá, tí dírẹ́bà kò sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wà lábẹ́ òun. Àwọn kan gbà á gbọ́. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ gbé ọkọ̀ tirẹ̀ wá lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe irú èyí tí à ń sọ nídìí ayò. Ní ìlú òyìnbó, mo nu ọwọ́ òkú kan kúrò lára gíà, mo fi ọwọ́ ara mi rọ́pò rẹ̀, mo sì dúró níbẹ̀ mò ń wo opó òkú náà bó ti ń sunkún lé e lórí.

Mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún kí n tó kúrò nílé. Ọkọ̀ ayé ìsinsìnyí ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Gíà tó ń yí ara rẹ̀ padà ni gbogbo wọn ń lò, kò sí ẹni tó tún ń wá ẹni tó mọ gíà ọlọ́wọ́ tú. Àbúrò mi kan tó ti pẹ́ lọ́hùn-ún ní òun mọ òyìnbó kan tó ń sọ ọkọ̀ àtijọ́ di ọ̀tun, pé ó ń wá ẹni tí etí rẹ̀ gbọ́ èdè gíà. Ìyàwó mi, Ìyá Rísì, ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, ẹja yíyan sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Èéfín ẹja ti wọ̀ ọ́ láṣọ débi pé tó bá ń kọjá lọ, ológbò á dìde kí i. Ó ń yan ẹja lọ́wọ́ nígbà tí mo sọ fún un pé mò ń lọ.

Ó ní, "Bàbá Rísì, ẹ̀yin tí ẹ kì í rí oorun sùn bí n kò bá hanrun sí yín létí, ẹ̀yin lẹ fẹ́ lọ sùn nílẹ̀ àjèjì?"

"Ọdún méjì péré ni."

"Ọdún méjì yín yìí, ṣé kì í ṣe bíi ti tipà Ìtòkín?"

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó yí ẹja tó wà níwájú rẹ̀ padà, ẹja tí kò tíì tó yí.

Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí lọ́hùn-ún kì í ṣe òtútù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òtútù ibẹ̀ mọ orúkọ eegun kọ̀ọ̀kan lára mi. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Ènìyàn ń gbé lókè orí rẹ, òmíràn ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, o kò ní gbọ́ kí ìkankan nínú wọn sín. Oòrùn wọn dà bí àna tí wọ́n fipá mú wá síbi ìnáwó: ó yọjú, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Arákùnrin kan tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi a máa béèrè láràárọ̀ bóyá dáadáa ni mo wà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo dúró, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jíṣẹ́ fún un: orúnkún mi báyìí báyìí, oorun mi báyìí báyìí, ìyàwó mi tó wà nílé ń kí i. Nígbà tí mo fi máa gbójú sókè, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìparí àdúgbò.

Ní Ẹ̀pẹ́, bí mo bá kọsẹ̀ létí ọ̀sà, ẹni tó bá gbá mi mú á ti pe orúkọ ìyá ìyàwó mi kí n tó nàró tán. Ní Ìkòròdú, àwọn tó ń bú mi ní òpùrọ́ mọ ilé tí wọ́n ti bí mi. Èébú náà ní gbòǹgbò. Lọ́hùn-ún, ó dà bíi pé ọjọ́ tí mo dé gan-an ni wọ́n bí mi, tèmi ti irùngbọ̀n funfun mi.

Dérékì ni orúkọ ọ̀gá mi. Ọkùnrin gbọ̀ọ̀rọ̀ ni, kì í sọ̀rọ̀ bí kò bá gbé ife tíì lọ́wọ́. Ìṣẹ́gun mi àkọ́kọ́ níbẹ̀ kò jù báyìí lọ: ọkọ̀ ògbólógbòó kan wọlé, ó ń kùn bí ẹni tí eyín ń dùn. Mo ní bèárìn ẹ̀yìn ni. Dérékì wò mí. Ó lo wákàtí mẹ́ta láti tú u. Bèárìn ẹ̀yìn ni. Mo pe ilé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Mo ní, "Ìyá Rísì, mo gbọ́ bèárìn tó bàjẹ́ láti àdúgbò kejì! Mo ń jẹ búrẹ́dì lọ́wọ́ ni!"

"Irọ́!"

"Ó dáa, inú ṣọ́ọ̀bù ni mo wà. Ṣùgbọ́n bèárìn yẹn, òótọ́ ni."

"Ẹ ti wá ń sọ òótọ́ níbẹ̀? Ẹ tètè máa bọ̀ wálé o, òtútù ti wọ̀ yín lọ́pọlọ."

Ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó dákẹ́ kó lè mí. Láti bí oṣù méjì ni ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá rẹ́rìn-ín díẹ̀, á lọ wá èémí bí ẹni wá abẹ́rẹ́ nínú koríko. Rísì ọmọ wa gbé e lọ sí ọsibítù ní Ìkòròdú, wọ́n ní ọkàn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ní kó dín ẹja yíyan kù. Ó ní kí n dín irọ́ kù, kí á jọ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Nígbà náà ni ọkọ̀ ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Máàgrẹ́ẹ̀tì wọlé. Ọkọ̀ kékeré ni, ó dàgbà ju Rísì lọ, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ bí ikán. Dérékì sọ gíà rẹ̀ kalẹ̀ sórí tábìlì, ó rìn yí i ká, ó fi tọ́ọ̀ṣì wò ó, ó ya fọ́tò kan. Lọ́jọ́ kejì, ó rin ìrìn àjò ọjọ́ méjì lọ wá irin. Kò ní kí n ṣe ohunkóhun sí gíà yẹn. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ èyí dáadáa: kò rán mi.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ ní Ìkòròdú mọ̀ pé gíà tó dọ̀tí kì í sùn lórí tábìlì ọ̀gá. Mo wò ó, mo rí ìlà ọ̀dà yẹ́lò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lábẹ́ gíríìsì. Inú mi bàjẹ́ fún ìyá náà. Lọ́dọ̀ wa, bí ẹ bá rí yẹ́lò lára gíà, tòkunbọ̀ ni: àwọn tó ń tú ọkọ̀ palẹ̀ ló fi ọ̀dà kọ ọ́ sí i lára kí wọ́n lè mọ èyí tí wọ́n ti yẹ̀ wò. Mẹkáníìkì tó bá lójú àánú á kọ́kọ́ nù ún kúrò kí oníbàárà tó dé, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ pé ohun rere ni wọ́n fi sí ọkọ̀ òun. Àánú ni mo fẹ́ ṣe. Mo bu kẹrosíìnì, mo mú búrọ́ọ̀ṣì onírin, mo fọ gíà yẹn títí ó fi ń dán bí eyín ọmọdé. Ìlà yẹ́lò náà bá kẹrosíìnì lọ. Mo jókòó, mo ń retí ìyìn.

Ìyìn kọ́ ló dé. Dérékì ló pè lórí fóònù.

Ó ní, "Má fọwọ́ kan gíà Máàgrẹ́ẹ̀tì o. Ìlà yẹ́lò kan wà lára rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló fà á."

Mo ní, "Ọkọ ta ni?"

Ó wá ṣàlàyé. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe ọkọ̀ náà ni Tọ́mù, ọkọ ìyá yìí, ti ṣiṣẹ́ títí ó fi darúgbó. Òun ló máa ń dán gíà wò kẹ́yìn. Èyí tó bá yege, á ti búrọ́ọ̀ṣì bọ yẹ́lò, á fa ìlà kan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Ìlà tirẹ̀ a máa rọ̀ sílẹ̀ ní ìparí, á yí sókè bí ìwọ̀ ẹja. Kò sí ẹlòmíràn tí ìlà rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ó ti kú láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì fi ohun kan tó fọwọ́ ṣe sílẹ̀ nílé, àfi àwọn gíà tó fọ́nká sábẹ́ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti ń wá ọ̀kan kiri láti ìgbà náà, ìdí tó fi ra ọkọ̀ yìí nìyẹn. Dérékì ti rí ìwọ̀ náà, ó ti pè é. Ọjọ́bọ̀ ló ń bọ̀ wá wò ó.

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Mo wo gíà. Gíà náà ń dán sí mi lójú.

Ṣé ẹ mọ ohun tí òpùrọ́ máa ń ṣe bí òótọ́ bá ká a mọ́? Mo wá fọ́tò tí Dérékì yà. Kò mọ́lẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ìwọ̀ náà hàn. Mo wá ọ̀dà yẹ́lò nínú agolo ògbólógbòó kan. Mo fi ọwọ́ òsì mi kọ́ ọ lára páálí, mo tún un kọ́, títí ọwọ́ òsì fi gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni mo fà á sára gíà. Mo fi omi tíì pa á lára kó lè ṣá, mo da òróró dúdú díẹ̀ lé e, mo fi èékánná họ ọ́ níbì kan. Nígbà tí mo ṣe é tán, èmi gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ bi í léèrè ọjọ́ orí rẹ̀.

Dérékì dé, ó fi awò wò ó pẹ́. Ó ní, "Mo ní kí o má fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́ lo fọ̀ ọ́. O dá ìlà náà sí." Ó lọ mú ife kan wá, ó ní láti òní lọ, ife tèmi nìyẹn. Láti ìgbà tí mo ti dé, ohun àkọ́kọ́ tó jẹ́ tèmi nínú ilé kan nìyẹn, irọ́ ni mo sì fi gbà á.

Ọjọ́bọ̀, Ìyá Máàgrẹ́ẹ̀tì dé pẹ̀lú ọ̀pá. Arúgbó kékeré ni, kò ga ju táyà tipà lọ. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó fi ìka kan tọ ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ibi ìwọ̀, ó tún padà, ó tún tọ̀ ọ́. Ó ní, "Tọ́mù." Ó tún ní, "Tọ́mù, ìwọ nìyí." Ó wá bú sẹ́kún, ẹkún tí kò ní ariwo, irú èyí tí èjìká nìkan ń sun. Dérékì kọjú sí ògiri. Èmi kò rí ògiri kọjú sí.

Mo pe ilé ní ọ̀sán ọjọ́ náà kí n lè rí ẹni bá rẹ́rìn-ín. Rísì ló gbé fóònù ìyá rẹ̀.

"Ìyá rẹ dà?"

"Wọ́n ti lọ sí Ejìnrìn, Bàbá. Wọ́n ní ẹja pọ̀ lọ́jà."

"Òun pẹ̀lú èémí rẹ̀ yẹn?"

"Ara wọn le, Bàbá. Ẹ bá mi sọ̀rọ̀. Kí lẹ ṣe lónìí?"

Mo sọ ọ́ fún un: ìlà yẹ́lò, ọwọ́ òsì, omi tíì. Mo fi kún un pé Dérékì kúnlẹ̀ kí mi. Rísì rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín dáadáa, ó ní, "Bàbá, ẹ ò ní pa ènìyàn!" Ọkàn mi balẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń pè. Ìyá rẹ ńkọ́? Wọ́n ń sùn. Ìyá rẹ ńkọ́? Ọ̀fun ń dùn wọ́n, dókítà ní kí wọ́n má sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ ńkọ́? Wọ́n wà ní Ẹ̀pẹ́ lọ́dọ̀ Àlàájì, fóònù ò gbé dáadáa níbẹ̀. Ní gbogbo ìgbà yẹn, Dérékì ń kọ́ mi níṣẹ́ ọ̀dà. Ó ní ìwé ńlá kan tó lẹ fọ́tò sí. Ó kọ́ mi pé kí n má fọ ohunkóhun kí n tó tan iná sí i láti ẹ̀gbẹ́, nítorí gíríìsì ló ń pa ọ̀dà mọ́. Pé ọṣẹ pẹ̀lú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti aṣọ rírọ̀ ni ká lò. Pé ọ̀dà gíríìnì lórí bóòtù túmọ̀ sí pé ẹnì kan ti dè é le, tí ẹlòmíràn sì ti jẹ́rìí sí i. Pé kí á wá gíà mìíràn tí wọ́n ṣe lóṣù kan náà, kí á gbé wọn síra, kí á lè mọ ọwọ́ ẹni tó fà á. Mo yára mọ̀ ọ́n. Mo lè wo ìlà kan kí n sọ pé ó ti rẹ ọwọ́ yìí, ọjọ́ ti lọ. Ọwọ́ yìí ń kánjú, oúnjẹ ti dé.

Bí mo ṣe ń wo ọwọ́ àwọn òkú wọ̀nyẹn lójoojúmọ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn Rísì dáadáa. Ẹni tó ń pa ojúlówó irọ́ mọ ibi tí irọ́ ẹlòmíràn ti ń jò. Mo jókòó lórí àga, mo fi ìka ka ọjọ́ ọjà. Ejìnrìn kò ná lọ́jọ́bọ̀ yẹn.

Mo ti mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ kejì, bí mo bá máa sọ tinú mi. Mo mọ̀, mo sì ń pè, mo sì ń gbà. Irọ́ yẹn gbóná, ìlú yẹn tutù.

Nígbà tó yá, mo pè, mo ní, "Rísì, ìyá rẹ kò sí mọ́, àbí?"

Ẹnì kan gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Àlàájì ni, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi.

Ó ní, "Ẹ máa gbọ́, àna wa. Ṣé ẹ jókòó? Ta ló wà lọ́dọ̀ yín?"

"Kò sí ẹnì kankan."

"Ohun tí a torí rẹ̀ dákẹ́ nìyẹn. A kì í túfọ̀ fún ẹni tó dá wà. A ní kí ẹ kọ́kọ́ délé, kí á yí yín ká, kí á tó là á. Ọjọ́bọ̀ ni. A sin ín lọ́jọ́ náà lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. A ti ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Ẹ má bínú sí ọmọ yìí, àwa àgbà la ní kó má sọ."

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Mo wá mọ̀ pé wákàtí tí mo pè lọ́jọ́ náà ni. Erùpẹ̀ kò tíì gbẹ lórí ìyá rẹ̀ nígbà tí Rísì ń bá mi rẹ́rìn-ín.

N kò bínú sí i. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bínú? Àánú mi ló ṣe, gẹ́gẹ́ bí èmi náà ṣe ṣàánú ìyá àgbà ọjọ́sí pẹ̀lú kẹrosíìnì. Ṣùgbọ́n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ti ń ṣàwàdà ránṣẹ́ sí ẹni tó wà nínú ilẹ̀. Mo ti ń sọ pé ẹ kí i fún mi, wọ́n sì ń dáhùn pé yóò gbọ́. Ìyẹn ló dùn mí ju ikú lọ. Mo wá rí Ìyá Máàgrẹ́ẹ̀tì lọ́kàn mi, tó ń fi ìka tọ ọwọ́ mi, tó ń pè é ní Tọ́mù.

Mo sọ fún Dérékì láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kò pariwo. Ó gbé ife rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ìwọ fúnra rẹ lo máa sọ fún un." Ó fi ọkọ̀ gbé mi dé ẹnu ọ̀nà ìyá náà, ó ní òun á dúró síta.

Ìyá Máàgrẹ́ẹ̀tì fún mi ní tíì. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ mu ún. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí kẹrosíìnì dé orí ọwọ́ òsì.

Ó ní, "Ìwọ lo kùn ún?"

"Èmi ni, Màmá."

"Àti ìwọ̀ rẹ̀?"

"Àti ìwọ̀ rẹ̀. Ẹ dárí jì mí."

Ó dìde, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó jáde lọ síbi ọkọ̀ rẹ̀, tí a ti dá gíà náà padà sí lábẹ́. Mo tẹ̀ lé e. Ó ní kí n gbé ọkọ̀ náà sókè díẹ̀ pẹ̀lú jáàkì. Ó ní kí n wá aṣọ, kí n nù ún kúrò. Mo dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo nù ún. Nígbà tí mo jáde lábẹ́ ọkọ̀, ó wo aṣọ tó ti di yẹ́lò lọ́wọ́ mi, ó sì gbójú kúrò.

Mo rò pé á lé mi. Ó jókòó sórí àpótí kan.

Ó ní, "Ojúlówó rẹ̀, ìwọ rí i kí o tó fọ̀ ọ́?"

"Mo rí i."

"Pẹ̀lú ojú ara rẹ? Nítòsí?"

"Ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án."

"Nígbà náà, ìwọ lo rí i kẹ́yìn láyé. Sọ bó ṣe rí fún mi."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, láti ọjọ́ tí mo ti ń la ẹnu, kò sí ẹni tó béèrè irú nǹkan yẹn lọ́wọ́ mi rí. Ahọ́n mi ti ń tò ó: pé ó ń tàn, pé ó dà bí wúrà. Mo gbé e mì. Mo ní ó ti ṣá. Mo ní ó nípọn níbẹ̀rẹ̀, ó sì tín-ín-rín bó ṣe ń lọ, bíi pé ọ̀dà ń tán lára búrọ́ọ̀ṣì. Mo ní ìwọ̀ náà kò yí pé, ó dúró lójijì, bíi pé ẹnì kan pè é. Mo ní irun búrọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo há sínú ọ̀dà náà níbi tó ti tẹ̀, irun dúdú. Èékánná mi ni mo fi yọ ọ́ dànù. Ìyẹn kò sí nínú fọ́tò.

Ìyá Máàgrẹ́ẹ̀tì di ojú rẹ̀. Ó ní, "Irun kan."

"Ẹyọ kan, Màmá."

"Kì í ra búrọ́ọ̀ṣì tuntun," ni ó wí. "Ahun ni." Ó sì rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo pe Rísì. Mo gbọ́ tó ń tọrọ àforíjì kí n tó sọ̀rọ̀ rárá. Mo ní kó dákẹ́.

Mo ní, "Ìwọ lo rí i kẹ́yìn. Sọ bó ṣe rí fún mi. Má fi ohunkóhun kún un, má sì yọ ohunkóhun."

Mo ń gbọ́ ọ̀kadà tó ń kọjá lójúde wọn ní Ìkòròdú.

Ó ní, "Bàbá, wọ́n ní kí n bá àwọn dirun. Wọ́n ní àwọn ò lè lọ sí ọsibítù pẹ̀lú orí játijàti. Mo jókòó sórí àga, wọ́n jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ mi. Wọ́n ń bú mi pé ọwọ́ mi le jù. Nígbà tó yá, wọn ò bú mi mọ́, mo rò pé oorun ló gbé wọn lọ." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ̀gbẹ́ kan ni mo ti dì tán, Bàbá. Mo sì di èkejì parí."